Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Kí N Pààrọ̀ Pickup Gìtá Olówó Pọ́ọ́kú Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Gìtá oníná kan ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìbàdàn. Kì í ṣe gìtá olówó gọbọi rárá. Ó jọ Stratocaster, gìtá oníná tí ilé iṣẹ́ Fender ń ṣe, ó ní pickup mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn lábẹ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gún régé, tí mo bá sì ti fún okùn rẹ̀ títí tó fi bá ohùn mu, kì í tètè yẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohùn rẹ̀ kì í yọ láàárín dùùrù àti ìlù. Ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó tún máa ń kùn, pàápàá nígbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń bá wa tún ohun èlò ṣe sọ pé pickup tó bá gìtá náà wá láti ilé iṣẹ́ ni kò dára, pé kí n ra mẹ́ta mìíràn láti òkè òkun. Iye tí yóò ná mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra gìtá náà fúnra rẹ̀. Ṣé kí n rà á, àbí kí n fi owó náà pamọ́ de gìtá tó dára jù? — Onígìtá ìjọ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á. Kì í ṣe pé pickup kò já mọ́ nǹkan kan. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí wa, kò sí èyí tó fi hàn dájú pé pickup ló jẹ̀bi, ohun tí ẹ kò kọ ló sì ń kọ wá lóminú: ẹ kò sọ ibi tí ẹ ń ki wáyà gìtá yín sí.

Pickup kì í ṣe ohun tó díjú. Òòfà ni, tí a wé wáyà bàbà mọ́ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, wáyà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.06 mìlímítà lọ. Nígbà tí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà náà, agbára òòfà tó ń gba àárín wáyà bàbà kọjá a máa yí padà, ìyípadà yẹn ló sì ń bí iná mọ̀nàmọ́ná kékeré tó ń gba wáyà jáde. Michael Faraday ló fi ìlànà yìí hàn ní 1831, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí George Beauchamp tó lò ó fún gìtá ní Amẹ́ríkà. Iná náà kéré púpọ̀, wáyà bàbà tí a wé lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ sì máa ń dí ohùn òkè lọ́nà ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, ibi tí a bá ki gìtá sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kò ní fa iná púpọ̀ lára rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìjọ yín wà, bí a kò bá ṣì í gbọ́. Ojú ihò ampilifáyà tí wọ́n ṣe fún gìtá sábà máa ń ní ìdènà iná tó tó 1,000,000 ohm, tí í ṣe òṣùwọ̀n ìdènà; bí ìdènà bá ti pọ̀ tó ni iná tí ihò náà ń fà ṣe kéré tó. Ojú ihò tí dùùrù oníná ń wọ̀ lára míkísà sábà máa ń wà láàárín 10,000 sí 20,000 ohm, ti makirofóònù sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 2,000. Bí ẹ bá ki gìtá yín tààrà sínú míkísà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣe nítorí pé kò sí àyè tàbí owó fún ampilifáyà, ohùn òkè ti kú kí ó tó dé etí ẹnikẹ́ni. Kò sí pickup kankan, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ wé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì tà ní owó iyebíye, tí kò ní dún bí ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ìbora níbẹ̀. Ẹni tó ń yí míkísà yóò fi kún ohùn òkè, ariwo ṣíṣì yóò sì yọ, àmọ́ ohun tó ti sọnù kò ní padà.

Ohun tí ó ń tún èyí ṣe kò wọ́n tó pickup mẹ́ta. Àpótí kékeré kan wà tí àwọn tó ń bójú tó ohùn ń pè ní DI, tí a ń fi sáàárín gìtá àti míkísà. Ẹ rí i pé èyí tó ń lo bátìrì tàbí iná láti ara míkísà ni ẹ gbà, nítorí pé irú èyí sábà máa ń ní ìdènà tó tó 1,000,000 ohm, èyí tí kò lo iná sì máa ń kéré sí i dáadáa. Àwọn míkísà mìíràn ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ Hi-Z sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ihò kan, èyí tó ń sọ ìdènà ihò náà di ńlá. Bí tiyín bá ní in, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá sì ti ní ohun èlò tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀, irú tí ilé iṣẹ́ Boss ń ṣe fún wíwọn ohùn okùn, tí í ṣe TU-3, ẹ fi í sáàárín gìtá àti míkísà. Iná inú rẹ̀ máa ń gba ohùn gìtá lọ́nà tó yẹ, ó sì máa ń fi agbára tó tó ránṣẹ́ sí iwájú, kódà nígbà tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kíyè sí gígùn wáyà náà pẹ̀lú. Gbogbo mítà wáyà gìtá ló ń jẹ díẹ̀ nínú ohùn òkè, èyí tó gùn mítà mẹ́wàá yóò sì jẹ ju èyí tó jẹ́ mítà mẹ́ta lọ lọ́nà tí etí lè gbọ́. Ẹni tó jókòó sí ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin kò nílò wáyà tó lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà tó dájú jù láti mọ ẹni tó jẹ̀bi ni pé kí ẹ yá ampilifáyà gìtá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan ní ọjọ́ tí kò sí ìsìn. Kò pọn dandan kó tóbi. Ẹ fi wáyà kúkúrú so gìtá mọ́ ọn, ẹ ṣí fọ́lúùmù àti tóònù gìtá tán pátápátá, kí ẹ sì ta orin tí ẹ máa ń ta ní ọjọ́ Àìkú. Bí ohùn náà bá tan, tó sì mọ́, ẹ ti rí owó pickup gbà padà. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè nínú orin jùjú ní 1949, ó mú ohùn gìtá kúrò lábẹ́ ìlù. Ohun kan náà ni ẹ̀yin ń wá, ibi tí ohùn ń gbà jáde sì ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, okùn ńkọ́? Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí okùn irin pẹ́, òógùn ọwọ́ sì ń yára bà á jẹ́. Okùn tó ti dípẹtà kì í tan, kì í sì í bá ohùn mu dáadáa. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí pickup ti jìnnà sí okùn tó. Súkúrù kékeré méjì ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró, gìtá olówó pọ́ọ́kú sì sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde láìsí ẹni tó fara balẹ̀ wò wọ́n. Ìwọ̀n tí Fender fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún Stratocaster ni pé, bí ẹ bá tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá) tó kẹ́yìn, kí àlàfo tó wà láàárín okùn tó nípọn jù àti orí òòfà jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2, ti okùn tó tín-ín-rín jù sì jẹ́ nǹkan bíi 1.6. Bí pickup bá lọ sílẹ̀ púpọ̀ ju ìyẹn lọ, ohùn yóò jìnnà, yóò sì rẹlẹ̀. Bí ó bá sì gòkè jù, pàápàá lára àwọn tí òòfà wọn dúró ṣánṣán lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, òòfà yóò máa fa okùn mọ́ra, ohùn tí ó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan yóò sì máa mì bí ẹni pé méjì ni, títí ènìyàn yóò fi máa bá ọrùn gìtá jà lórí ẹ̀sùn tí ọrùn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ fi súkúrúdíráfà gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí kò ná kọ́bọ̀, ó sì ń yí ohùn padà ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lérò lọ.

Ní ti kíkùn tí ẹ sọ, a kò lè ṣèlérí pé pickup tuntun yóò mú un kúrò. Irú tó wà lára gìtá yín, tí a wé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, máa ń gbọ́ okùn, ó sì máa ń gbọ́ iná ilé pẹ̀lú, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá ra mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jẹ́ irú kan náà, àwọn náà yóò kùn. Nítorí kíkùn yìí ni Seth Lover, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ gìtá Gibson, fi ṣe humbucker ní 1955: ó fi pickup méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wé ọ̀kan lódì sí èkejì, ó sì yí òòfà ọ̀kan padà, tí kíkùn ti apá kan fi ń pa ti apá kejì nígbà tí ohùn okùn ń dara pọ̀. Gìtá yín náà lè ní díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí. Ẹ yí súwíìsì sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, níbi tí pickup méjì ti ń dún pọ̀. Bí kíkùn bá lọ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti wé ti àárín lódì láti ilé iṣẹ́, ẹ sì lè máa lo ipò wọ̀nyẹn nígbà àdúrà.

Ẹ tún fi ọwọ́ kan okùn nígbà tó bá ń kùn. Bí ó bá dínkù, wáyà ilẹ̀ inú gìtá ṣì wà ní ìdè. Bí kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kí wáyà tó so mọ́ irin ìdí okùn ti já, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni fún ẹni tó bá ní irin tí wọ́n fi ń jó léèdì. Bí ara ihò igi tí pickup wà kò bá ní ohun kan nínú, ẹ lè fi bébà bàbà tó ní gọ́ọ̀mù bò ó látòkè délẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ wáyà ilẹ̀. Ariwo ṣákáṣáká tó ń ti ara gílóòbù àti ṣájà fóònù wá yóò dínkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkùn gidi lè ṣẹ́ kù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó ju ọ̀rọ̀ ohùn lọ. Bí iná bá ń gbé yín nígbà tí ọwọ́ yín wà lára okùn tí ẹnu yín sì kan makirofóònù, ẹ fi gìtá sílẹ̀. Pickup kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà tó yẹ kó wọ ilẹ̀ ní ilé ìjọ tàbí lára jẹnẹrétọ̀ ni kò sí tàbí tó ti já. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án.

Ìgbà wo wá ni ó tọ́ kí ènìyàn pààrọ̀ pickup? Ìgbà tó bá lè dárúkọ àléébù tí pickup nìkan lè ní. Èyí tó rọrùn jù láti mọ̀ ni pé kí wáyà inú rẹ̀ ti já. Ẹ ki wáyà gìtá sí ihò rẹ̀, ẹ ṣí fọ́lúùmù tán, kí ẹ fi mítà àwọn oníná wọn orí wáyà náà ní ẹnu kejì. Pickup irú tiyín yẹ kó fi nǹkan bíi 5,000 sí 8,000 ohm hàn. Bí ẹ bá rí iye tó sún mọ́ 250,000 tàbí 500,000, fọ́lúùmù nìkan ni mítà ń kà, pickup náà ti kú, bí ó tilẹ̀ lè máa sọ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde síbẹ̀.

Àléébù lè má jẹ́ ti kíkú. Nígbà tí Brian May, tó di onígìtá ẹgbẹ́ Queen, àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn kan gìtá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, tí wọ́n fi igi ibi ìdáná àtijọ́ gbẹ́ ọrùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe pickup àkọ́kọ́. Ohùn wọn wù ú, ṣùgbọ́n ariwo àjèjì kan máa ń yọ nígbà tó bá fi ìka ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ó ra mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ Burns ṣe, àwọn ló sì fi dé orí ìtàgé gbogbo àgbáyé. Ó mọ ohun tó ń lé kúrò kó tó ná owó.

Ẹni tó ń bá yín tún ohun èlò ṣe lè sọ pé òòfà seramíìkì ló wà nínú tiyín, pé alnico, èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbáàtì po pọ̀ mọ́ irin, ni ojúlówó. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú ń lo seramíìkì nítorí pé ó rọjú, òótọ́ sì ni pé ohùn méjèèjì yàtọ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ kì í ṣe àléébù. Super Distortion tí DiMarzio gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó wà lára àwọn pickup àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ti ilé iṣẹ́, seramíìkì ló wà nínú rẹ̀. Danelectro ń ki pickup sínú páìpù lípísítíìkì ní àwọn ọdún 1950 kí gìtá wọn má bàa wọ́n, lónìí sì ni àwọn onígìtá ń fi owó gidi wá ohùn yẹn kiri.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí gìtá náà sì wù yín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ fi í sílẹ̀, tí ẹ kàn fẹ́ ohùn mìíràn, kò sí ẹni tó lè dá yín lẹ́bi pé ẹ pààrọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, èyí tí ẹ ń lò jù, dípò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ ti àárín, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé èyí tí wọ́n wé lódì ni ẹ fẹ́, kí ipò kejì àti ìkẹrin má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àkọ́kọ́ àti ìkẹfà pẹ̀lú, kí orí òòfà lè bọ́ sí abẹ́ okùn. Kí ẹ sì tọ́jú àwọn ti àkọ́kọ́ sínú ọ̀rá, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ yín lọ́la kò ní san owó pickup olówó gọbọi lé e. Ẹ ó dá ti ilé iṣẹ́ padà, ẹ ó sì gbé tiyín lọ sára gìtá tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham fi humbucker Seymour Duncan kan ránṣẹ́ sí mi, mo sì fi í sí ìsàlẹ̀ gìtá mi, tí mo fi ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní òkè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún dáadáa. Tí mo bá yí súwíìsì sí àárín kí méjèèjì dún pọ̀, ohùn náà á di tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ohùn ìsàlẹ̀ ti sá lọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n rà fún mi ni? — Ọmọ Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n yín lẹ́bi. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí ni ohun tí etí máa ń gbọ́ nígbà tí pickup méjì bá ń ṣiṣẹ́ lódì sí ara wọn: bí ọ̀kan ti ń tì, èkejì ń fà, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń pa ara rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ méjì bá pàdé lára gìtá kan, nítorí pé wọn kì í lo àwọ̀ wáyà kan náà. Ti Seymour Duncan, wáyà dúdú ló ń gbé ohùn, àwọ̀ ewé àti wáyà tí kò ní awọ ń lọ sí ilẹ̀, pupa àti funfun ni ẹ óò so pọ̀ tí ẹ óò sì fi rọ́bà bò. Ti DiMarzio, pupa ló ń gbé ohùn, àwọ̀ ewé àti èyí tí kò ní awọ ń lọ sí ilẹ̀, dúdú àti funfun ni ẹ óò so pọ̀. Ẹni tó bá lo àwòrán ti ọ̀kan fún èkejì yóò ṣìnà.

Bí ẹ bá ti tẹ̀lé àwòrán tó tọ́, tí ohùn sì ṣì jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ pààrọ̀ àyè wáyà dúdú àti àwọ̀ ewé ti Seymour Duncan náà fún ara wọn, kí ẹ sì fi èyí tí kò ní awọ sílẹ̀ sí ilẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má fọwọ́ kan ti ilé iṣẹ́ bí wáyà rẹ̀ kò bá ju méjì lọ, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń so mọ́ irin ìdérí rẹ̀, ẹ ó sì sọ gbogbo ìdérí náà di ohun tó ń gbọ́ ariwo.

ÌBÉÈRÈ: Gìtá mi máa ń han gooro nígbàkigbà tí mo bá fi kún agbára ampilifáyà, kódà tí mo bá di okùn mú. Ṣé pickup tuntun ni? — T. A., Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Bí ó bá ń han nígbà tí ẹ di gbogbo okùn mú, wáyà bàbà inú pickup ti dẹ̀, ó sì ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, tí pickup fi di makirofóònù. Ẹ fi èékánná kan orí pickup pẹ́pẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ketekete nínú ampilifáyà, òun náà nìyẹn. Ìda ni oògùn rẹ̀. Ìda oyin tí a pò mọ́ ọ̀pọ̀ paraffin, irú tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, ni wọ́n ń lò, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún pickup tuntun. Eddie Van Halen, onígìtá rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, náà ti pickup gìtá Gibson kan bọ inú ìda kó tó fi í sára gìtá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò.

Ẹ gbé ìkòkò ìda náà sínú ìkòkò omi gbígbóná, ẹ má gbé e lé iná tààrà láéláé, nítorí pé ìda lè gbiná. Ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru wò ó: kí ó wà ní nǹkan bíi 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí pé bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ike tí wọ́n wé wáyà mọ́ yóò ká. Ẹ fi pickup náà sínú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ tó ń hó kéékèèké jáde lára rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Bí ó bá ṣì ń han lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè ra òmíràn láìbẹ̀rù pé ẹ fi owó ṣòfò.